Apẹ̀rẹ̀ Tó Ń Wọ Ásíìdì: Bí A Ṣe Ń Ṣe É àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Bí ẹ bá fi ọwọ́ ra irin balikóní ilé kan ní Onírú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ẹ sì fi ìka náà kan ahọ́n, iyọ̀ ni ẹ máa tọ́ wò. Òkun kò jìnnà rárá. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wọlé ń gbé ìrì omi òkun dání, ó sì ń fi í pa gbogbo irin tó bá pàdé lára: géètì, páànù, irin fèrèsé, ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa tí kò tíì ka èyí nínú kíláàsì. Èmi náà kà á, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n, kí n tó lọ ṣe IT.

Ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣe oṣù mẹ́fà SIWES mi wà lọ́nà Ìkòròdú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má bi mí. Irin ni wọ́n ń rì sínú síǹkì yíyọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí gálífánáìsì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mi ni oníbàárà kan pè láti Onírú pé àwọn bírákẹ́ẹ̀tì tí a ṣe fún òun ti ń dógùn-ún, àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n fi ń de réèlì mọ́ kọnkéré. Bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì pé oṣù mẹ́jọ lára ilé. Ọ̀gá tó ń bójú tó ibi ásíìdì ní kí n tẹ̀lé òun lọ wò ó. Àgbàlagbà ni, kò lọ sí yunifásítì, ó sì máa ń pè mí ní "Ínjíníà" pẹ̀lú ẹ̀rín tí mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí a débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha ojú tó pupa. Kì í ṣe gbogbo ara irin náà ló dógùn-ún. Ojú kan péré ni, kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ojú kan náà ló sì wà lára bíi mẹ́wàá nínú wọn.

"Ínjíníà, kí lo rí?"

Mo ní, "Iyọ̀ òkun ni, sà."

"Iyọ̀ òkun kan gbogbo ara rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí yìí nìkan ló mú?"

Mi ò ní èsì. Ó mú méjì nínú àwọn tí wọ́n ti tú sílẹ̀, ó dojú wọn kọ ara wọn bí ẹni pàtẹ́wọ́. Ojú pupa ti àkọ́kọ́ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ti èkejì. Ó ní, "Bí wọ́n ṣe sùn ti ara wọn nínú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ásíìdì ò rí àárín wọn wọ̀."

Ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ìwé tí a ń kà máa ń sọ púpọ̀ nípa ásíìdì: agbára rẹ̀, ìgbóná rẹ̀, ohun tí òun àti irin ń ṣe fún ara wọn. Apẹ̀rẹ̀ tí irin jókòó sí kì í gbà ju ìlà kan lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ló ń pinnu bóyá ásíìdì á dé gbogbo ara irin, òun náà ló sì wà láàárín òṣìṣẹ́ àti táǹkì. Bí wọ́n bá ṣe é níṣekúṣe, iṣẹ́ á bàjẹ́ tàbí kí èèyàn ṣèṣe. Mo rí méjèèjì láàárín oṣù mẹ́fà.

Kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ásíìdì wá ṣe. Irin tó ti ilé ìtẹ-irin jáde kì í mọ́. Nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ní gbígbóná, ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ ti fi èépá dúdú bò ó: FeO nísàlẹ̀, Fe3O4 láàárín, Fe2O3 fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè. Lẹ́yìn èyí, ó tún lè wà nínú òjò ní yáàdì fún oṣù méjì. Síǹkì yíyọ́, tó gbóná tó nǹkan bíi 450°C, kò ní ohun tó fẹ́ fi èépá ṣe. Irin gidi ló fẹ́, kí àwọn méjèèjì lè wọnú ara wọn. Níbi tí èépá bá kù sí, síǹkì á yí i ká, á fò ó, ibẹ̀ á sì wà níhòòhò. Ìdí nìyẹn tí irin fi ń la ọ̀pọ̀ táǹkì kọjá: omi sódà gbígbóná tó ń yọ òróró àti ọ̀dà (ásíìdì kì í yọ òróró, ẹ jọ̀wọ́), omi lásán, ásíìdì, omi lásán lẹ́ẹ̀kan sí i, omi fílọ́ọ̀sì tí wọ́n fi zinc ammonium chloride pò, kó gbẹ, kó tó kan síǹkì. Rírì sínú ásíìdì yẹn ni wọ́n ń pè ní píkílì ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní ibi tí mo wà, hydrochloric acid ni wọ́n ń lò, bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Oòrùn Èkó ti tó o, kò nílò iná. Àwọn tó ń lo sulphuric acid ní láti gbé e gbóná tó 60 sí 80°C kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ ìgbóná yẹn á sì padà wá nígbà tí a bá fẹ́ yan ohun tí a ó fi ṣe apẹ̀rẹ̀.

Irin gígùn, bí òpó iná tàbí ọ̀pá ìgànná, wáyà ni wọ́n fi ń so ó kọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò so bóòtù ẹgbẹ̀rún kan kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan? Nǹkan kéékèèké ló ń wọ apẹ̀rẹ̀, nǹkan kéékèèké náà ló sì ní ara jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Irin tó jẹ́ 84 kg, bó bá jẹ́ òkúta kan ṣoṣo tó ní igun mẹ́rin dọ́gba, ara rẹ̀ tí ásíìdì máa fọwọ́ kàn kò ju nǹkan bí 0.3 m² lọ. Ẹ gé irin kan náà sí ọ̀pá tó nípọn 12 mm, ara rẹ̀ á lé ní 3.5 m², ó ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Gbogbo ara yẹn ló gbọ́dọ̀ rí ásíìdì, tó sì tún gbọ́dọ̀ rí ásíìdì tuntun, nítorí èyí tó wà láàárín bóòtù sí bóòtù á rẹ̀ kíákíá bí kò bá sí ohun tó ń gbé òmíràn wọlé.

Ẹ wo ìyá tó ń fọ irú lẹ́bàá omi. Kì í kún apẹ̀rẹ̀ dé ẹnu. Ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń yí i, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọmi, ó ń gbé e sókè, títí omi fi gba àárín gbogbo èso kọjá. Bí ẹ bá lóye ohun tí ìyá yẹn ń ṣe, ẹ ti lóye ìdajì iṣẹ́ yìí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, òfin ọ̀gá ni pé irin kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta apẹ̀rẹ̀ lọ, àti pé kí á máa gbé e sókè díẹ̀ kí á sì tún rì í padà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Àwa ọmọ IT rò pé ó ń fi iṣẹ́ ni wá lára ni.

Bóòtù máa ń yí nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ibi tí méjì ti kan ara wọn kì í pẹ́ pàdánù ara wọn. Irin pẹlẹbẹ kì í yí. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, bí ojú ìwé méjì tí omi dà sí ló máa wà títí iṣẹ́ á fi parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn bírákẹ́ẹ̀tì Onírú nìyẹn: ẹnì kan dà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ bóòtù. Irin pẹlẹbẹ fẹ́ apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tó ní eyín nínú bíi ti òòyà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá dúró lórí etí rẹ̀. Bí irin náà bá ti ní ihò, ẹ lè fi ọ̀pá ike gun wọn bí ẹni gun súyà, kí ẹ fi òrùka ike sáàárín ẹran sí ẹran.

Èyí tó níhò nínú tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da ojú igbá dé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi: omi kò ní kún un, nítorí afẹ́fẹ́ ti há sínú rẹ̀. Páìpù tí wọ́n dí lẹ́nu kan, ìdérí, irin tó ṣe kọdọrọ bí ife, bí ẹnu wọn bá dojú kọ ilẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, òkè inú wọn kò ní rí ásíìdì rárá. Bí ẹnu wọn bá sì kọjú sókè gbọọrọ, ásíìdì á wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n á bu ún lọ sí táǹkì tó kàn. Ẹ dẹ̀gbẹ́ wọn. Páìpù tó dí lẹ́nu méjèèjì kò gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé wọ́n ti lu ihò sí i, nítorí bí omi bá há sínú rẹ̀ tó sì dé inú síǹkì 450°C, omi náà á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, páìpù á sì bú gbàmù. Èyí ti pa èèyàn rí ní oríṣiríṣi ilẹ̀. Kì í ṣe àwàdà.

Ihò ara apẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ó yẹ kó pọ̀ débi tí ásíìdì á fi máa wọlé tí á sì máa jáde fàlàlà, síbẹ̀ kó kéré ju ibi tó tín-ín-rín jù lára ohun tí ẹ kó sínú rẹ̀. Kì í ṣe orí bóòtù ni kí ẹ wọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Bóòtù M10 kò lè bọ́ láti inú ihò 12 mm, orí rẹ̀ á há, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ sísàlẹ̀, á sì máa kọ́ etí táǹkì nígbàkigbà tí kírénì bá ń gbé e. Wọ́ṣà ní tirẹ̀ á jábọ́ pátápátá. Nígbà tí a fa táǹkì kan gbẹ láti tún un ṣe, a bá wọ́ṣà tó kún bókẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀, wọ́n ti tín-ín-rín bí ewé. Gbogbo wọn ló ti ń jẹ ásíìdì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jábọ́.

Ní báyìí, kí ni ká fi ṣe apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀? Èyí tí mo bá níbẹ̀, ọ̀pá irin 12 mm lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé kọnkéré ró, wẹ́ẹ́dà àdúgbò ló jó o pọ̀. Ó rọrùn, ó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ásíìdì kò mọ irin apẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí irin oníbàárà. Gbogbo ìgbà tí apẹ̀rẹ̀ bá wọlé ló ń jẹ nínú rẹ̀, àti pé bóòtù ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, apẹ̀rẹ̀ ń wọlé ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́. Mo fi kálípà wọn apá rẹ̀ kan: 12 mm ti di 7. Ẹ rántí pé agbára ọ̀pá tí a fà ń bá fífẹ̀ ojú rẹ̀ lọ, kì í ṣe ìnípọn rẹ̀ nìkan. Bí 12 bá di 7, ohun tó ṣẹ́ kù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Mo kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gù mi. Ọ̀gá ti kọ irú rẹ̀ sínú tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, apẹ̀rẹ̀ náà já. Ìkọ́ kírénì ti gbé e kúrò nínú ásíìdì, ó kù díẹ̀ kó ré kọjá etí táǹkì, ni ojú jíjó kan bá yọ. Nǹkan bí 60 kg irin padà wọnú ásíìdì lẹ́ẹ̀kan. Ìlà yẹ́lò kan wà nílẹ̀ tí ọ̀gá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá nígbà tí apẹ̀rẹ̀ bá wà lókè. Òun ló gbà wá lọ́jọ́ náà. Ásíìdì náà ta dé bàtà rọ́bà ọmọkùnrin kan, ẹ̀kán méjì sì bà á lọ́rùn. A gbé e lọ sábẹ́ omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ó ń pariwo pé ó ti tó, ọ̀gá ní kò tíì tó. Àpá kékeré kan ló kù lọ́rùn rẹ̀. Ká ní a dúró síbi tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fẹ́ dúró sí láti fi fóònù ya fídíò, ọ̀rọ̀ míì ni mi ò bá máa kọ níbí.

Ìbéèrè tí ẹni tó bá ka ìwé máa kọ́kọ́ bi ni mo bi: ṣé kí á fi sitéénlẹ́ẹ̀sì ṣe òmíràn ni? Rárá o. Awọ fẹ́lẹ́ chromium oxide tó ń dáàbò bo sitéénlẹ́ẹ̀sì kì í dúró níwájú hydrochloric acid, bó bá tilẹ̀ jẹ́ 316. Owó ńlá ni ẹ máa fi ra ohun tó máa jẹrà. Fún sulphuric acid gbígbóná, Monel 400, tí nickel àti copper pọ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n Monel kò lè dúró níwájú nitric acid. Fún hydrochloric acid tí kò gbóná, ike polypropylene ló dára jù lójú mi, tàbí irin tí wọ́n fi rọ́bà tàbí PVC bò nípọn. Èyí tí wọ́n bò yìí lágbára, àléébù rẹ̀ ni pé ihò abẹ́rẹ́ kan ti tó láti bà á jẹ́. Ásíìdì á gba ibẹ̀ wọlé, á máa jẹ irin inú lábẹ́ awọ, òde á sì máa dán. Tí ẹ bá rí i tí awọ náà wú níbì kan, ẹ má gbé ẹrù kan sí i mọ́.

Polypropylene ní ìwà tirẹ̀. Ó fúyẹ́ ju omi lọ, lítà kan rẹ̀ kò ju 0.9 kg lọ, nítorí náà apẹ̀rẹ̀ òfìfo á léfòó lórí ásíìdì, á sì dojú dé bí ẹrù inú rẹ̀ kò bá tó. Oòrùn ń sọ ọ́ di gbígbẹ tí á fi máa sán. Ẹ má fi sílẹ̀ ní gbangba yáàdì. Ó sì máa ń fà díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù bá wà lára rẹ̀ pẹ́. Torí náà, ike náà kọ́ ló yẹ kó gbé ẹrù. Ohun tí a ṣe nígbẹ̀yìn ni pé a kọ́ férémù irin tí wọ́n fi rọ́bà bò yípo, tó gba abẹ́ apẹ̀rẹ̀ kọjá, ìkọ́ kírénì sì ń mú férémù yẹn. Ike wulẹ̀ ń di irin mú ni. Gbogbo ohun tó so ike pọ̀ jẹ́ ike, a jó o pọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó irin kan ṣoṣo parí iṣẹ́ fún yín.

Ìwọ̀n ẹrù rọrùn láti ṣírò. Apẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ 40 cm ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga gba 64 lítà. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 21. Bóòtù tí a dà jọ máa ń gba nǹkan bí ìdajì àyè, afẹ́fẹ́ gba ìyókù, lítà kan irin sì jẹ́ 7.85 kg, nítorí náà ẹ ń gbé nǹkan bí 84 kg. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé nínú ásíìdì, ẹrù yẹn á dà bíi 73 kg, nítorí ásíìdì ń tì í sókè. Bó ṣe ń yọ jáde ni ìwọ̀n rẹ̀ ń padà, ásíìdì tó rọ̀ mọ́ ọn sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ìyẹn ni pé ìgbà tí apẹ̀rẹ̀ bá dé ojú ásíìdì gan-an ló wúwo jù, ojú wa ni ó sì dojú kọ nígbà náà. Ibẹ̀ ni tiwa ti já.

Ẹ rọra gbé e. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ lórí táǹkì ásíìdì fún ìṣẹ́jú kan, ní ìdẹ̀gbẹ́, kí ẹ tó gbé e lọ sí omi. Ìṣẹ́jú yẹn máa ń dun àwọn tó ń kánjú, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ra padà. Ásíìdì tó ti ṣiṣẹ́ kún fún iron chloride. Bó bá bá apẹ̀rẹ̀ dé inú fílọ́ọ̀sì, tó sì ti ibẹ̀ dé inú síǹkì, irin inú rẹ̀ á mú síǹkì di FeZn13, á sì rì sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n átọ́ọ̀mù ṣe é fúnra yín: irin 1 kg ń gbé síǹkì tó lé ní 15 kg lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Síǹkì kì í ṣe ohun ọ̀fẹ́.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ má wo irin tó wà lókè apẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó rọrùn fún ásíìdì nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀mú mú ọ̀kan láti àárín gbùngbùn, ẹ ṣàn án, ẹ wò ó. Ó yẹ kó ní àwọ̀ eérú kan náà yíká, láìsí dúdú kankan. Ìṣẹ́jú 15 sí 30 lè tó fún irin tí èépá rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lè tó wákàtí kan fún èyí tó le. Bí ó bá ti mọ́, ẹ yọ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń rú wùyẹ̀wùyẹ̀ lára irin tó ti mọ́, háídrójìn ni, ìyẹn ni pé irin gidi ni ásíìdì ń jẹ báyìí. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ásíìdì kó lè jẹ èépá kó sì fi irin sílẹ̀. Ó ń dín in kù, kò mú un kúrò pátápátá. Fún bóòtù líle, 10.9 sókè, ọ̀rọ̀ háídrójìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́. Ó lè wọnú irin, kó sì jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún bóòtù náà le sára ilé ni á já láìsọ tẹ́lẹ̀. Irú wọn kò yẹ kó bá àwọn yòókù jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà. Iyanrìn ni ká fi fọ́n èépá wọn kúrò, kí ìgbà tí wọ́n á lò nínú ásíìdì lè kúrú gan-an, bó bá tilẹ̀ pọn dandan.

Ibi omi fílọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ apẹ̀rẹ̀ ike parí sí. Kò lè dé iwájú síǹkì, á yọ́. A ó da bóòtù sínú apẹ̀rẹ̀ irin oníhò, bí ajere, òun ló ń wọ síǹkì, ẹ̀rọ á sì fi í yí bírí bó bá ti jáde kí síǹkì tó pọ̀ jù lè fò kúrò lẹ́nu rẹ́rẹ́ bóòtù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé sitéénlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń lò ní Onírú báyìí, kí ni tiwa pẹ̀lú síǹkì? Ẹ lọ wo ojú jíjó àwọn réèlì náà dáadáa. Níbi tí iná ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ yí padà, chromium abẹ́ ibẹ̀ sì ti dín kù, ibẹ̀ ni iyọ̀ òkun ń kọ́kọ́ rí mú. Sitéénlẹ́ẹ̀sì náà nílò ìwẹ̀ ásíìdì, ṣùgbọ́n nitric acid àti hydrofluoric acid ni wọ́n ń pò fún un. Ìwé ASTM A380 ṣàlàyé rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ polypropylene ló yẹ ẹ́. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ ti fi wẹ irin dúdú, nítorí irin wẹ́wẹ́ tó kù nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ sitéénlẹ́ẹ̀sì, á sì di ìpáàrà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má fi títánọ́ọ̀mù ṣe é. Hydrofluoric acid ń jẹ ẹ́ bí ẹní jẹ ṣúgà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àwọn ásíìdì méjì yìí wà nínú lẹ́ẹ̀ kan tí àwọn tó ń ṣe réèlì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lórí balikóní, nígbà míì láìsí ìbọ̀wọ́. Hydrofluoric acid kì í ta èèyàn kíákíá bí kò bá le púpọ̀. Á wọ ara lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́, á máa wá calcium inú ẹran ara àti egungun, ìrora á wá dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án, kí ẹ fi ìpara calcium gluconate pa á, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní wẹ́ẹ́dà nínú ẹbí, ẹ sọ fún un lónìí.

Ásíìdì tó ti kú náà ń kọ́? Bí irin tó yọ́ sínú lítà kan rẹ̀ bá ti ń lọ sí 100 sí 150 gírámù, kò ní agbára mọ́. Kì í ṣe gọ́tà ni ibi tó yẹ kó gbà. Omi gọ́tà Èkó ń lọ sí ọ̀sà, LASEPA àti NESREA sì ní òfin lórí rẹ̀. Ẹfun ilé iṣẹ́, calcium hydroxide, ni wọ́n fi ń pa agbára rẹ̀, irin á rì, wọ́n á sì kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́tọ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó bá rọ̀ dáadáa á mú kí ásíìdì tó ń bá irin lọ sínú omi ìṣànrìn kéré, ẹ̀ka ìdọ̀tí á sì fúyẹ́.

A tún àwọn bírákẹ́ẹ̀tì náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. A fi ásíìdì bọ́ síǹkì àtijọ́ kúrò nínú táǹkì ọ̀tọ̀, a tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ eléyín tuntun, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ọ̀kan kò kan ti èkejì. ISO 1461 ní kí síǹkì ara irin tó nípọn ju 3 mm lọ, tí kò ju 6 mm lọ, tó 70 máíkírómítà ní ìpíndọ́gba. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá burú dé ìpele C5 nínú ISO 9223, síǹkì ń dín kù ní 4.2 sí 8.4 máíkírómítà lọ́dún. Ẹ pín in: ọdún mẹ́jọ ó kéré tán, ó lè dé mẹ́rìndínlógún. Èyí tí a ṣe níṣàájú kò lo oṣù mẹ́jọ.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló bá wọn gùn ún lọ sókè lọ́jọ́ tí wọ́n de wọ́n padà. Kí a tó kúrò, ó bu omi ẹ̀rọ, ó fi aṣọ nu gbogbo réèlì náà, ó sì sọ fún onílé pé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí iyọ̀ má baà rí ibi jókòó. Onílé bi í pé ṣé ó dá a lójú pé kò ní dógùn-ún mọ́. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ bi Ínjíníà. Òun ló tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀."